Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bàbá mi ti padà, àmọ́ ìdajì oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ

Ọmọ Àrámọkọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Rọpárọsẹ̀, ìyẹn sítírókù, kọ lu bàbá mi lápá òsì nígbà tí òjò ń parí lọ. Ọwọ́ ti ń gbé nǹkan, ẹsẹ̀ ti ń rìn, ọ̀pá nìkan ni wọ́n ń tì. Ojú ló kù. Tí a bá gbé iyán síwájú wọn, apá ọ̀tún ni wọ́n á jẹ, wọ́n á ṣanwọ́, wọ́n á ní ìyá mi ń fi oúnjẹ dù wọ́n, bẹ́ẹ̀ apá òsì abọ́ ṣì kún. Èjìká òsì wọn ti bó lára férémù ilẹ̀kùn. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníjígí, ó fi iná wo ojú wọn, ó ní ojú mọ́, ó ta jígí fún wa. Jígí ò yí nǹkan kan padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ta bàbá lọ́fà ni, pé ọfà ọ̀hún ló kù sójú. Bàbá fúnra wọn ní kò sóhun tó ṣe ojú àwọn, kí n mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà àwọn wá, pé kòkó ti pọ́n lóko. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú gbogbo wọn?

* * *

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà yẹn pamọ́ ná. Ìyókù la ó jọ sọ.

Oníjígí yẹn ò purọ́. Ẹyinjú ló wò, ẹyinjú sì mọ́. Àmọ́ ẹyinjú nìkan kọ́ ni èèyàn fi ń ríran. Ohun tí ojú bá gbà wọlé, okùn iṣan ló ń gbé e gba inú agbárí kọjá títí dé ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi ìpàkọ́ gan-an. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé iyán rèé, ilẹ̀kùn rèé. Lójú ọ̀nà, àwọn okùn yẹn máa ń pín ara wọn: gbogbo ohun tó bá wà lápá òsì wa, ì báà jẹ́ ojú òsì ló rí i tàbí ojú ọ̀tún, apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń lọ. Apá ọ̀tún ọpọlọ yìí náà ló ń darí ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì. Tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá dí níbẹ̀, tàbí tó bẹ́, ó lè mú ọwọ́ òsì, kó sì mú apá òsì ìran pẹ̀lú, nínú ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ fi ọwọ́ bo ojú òsì bàbá pátápátá, kí wọ́n máa fi ojú ọ̀tún nìkan wo imú yín. Ẹ wá ju ìka yín díẹ̀díẹ̀ lápá òsì wọn, lẹ́yìn náà lápá ọ̀tún. Tó bá jẹ́ ojú òsì ló bà jẹ́, ojú ọ̀tún yóò rí ìka lápá méjèèjì. Tí ojú ọ̀tún tí ẹ ò bò ò bá rí ìka tó wà lápá òsì, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹyinjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé "ojú òsì mi fọ́", tó sì jẹ́ pé ìdajì òsì ojú méjèèjì ló lọ.

Kì í ṣe ohun àjèjì o. Nínú àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, ó lé ní ìdajì tó máa ń ní ìṣòro ìríran kan tàbí òmíràn. A kì í gbọ́ nípa rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni gbogbo ilé ń wò.

* * *

Bàbá Ìfàkì:

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, gbogbo nǹkan lẹ máa ń dà lé ọpọlọ lórí. Jígí ló wo àbúrò mi. Lẹ́yìn sítírókù tiẹ̀, wọ́n ra jígí tó lágbára fún un, Bíbélì ló ń kà báyìí. Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Bàbá, mi ò sọ pé jígí ò wúlò. Ohun tí jígí wà fún ló ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kí àbúrò yín ti nílò jígí láti bí ọdún mélòó kan, kó jẹ́ pé àìsàn ló mú kí ẹ bá a wá a. Àgbàlagbà ilẹ̀ wa, gúlókómà, ìyẹn àìsàn tó ń ba okùn iṣan ojú jẹ́, lè wà lójú rẹ̀, kàtáráàtì, ìyẹn dígí inú ojú tó ṣú, lè wà níbẹ̀, kí rọpárọsẹ̀ tún wá bá wọn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n lọ rí dókítà ojú, kì í ṣe oníjígí nìkan. Wọ́n á wọn bí ojú ṣe le tó nínú, wọ́n á kán oògùn tó ń la ọmọlójú, wọ́n á wo ẹ̀yìn ojú. Ẹ̀yìn ojú jẹ́ ibi tí dókítà ti lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ èèyàn ní gbangba láì fi ọ̀bẹ kàn án. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀ máa ń hàn níbẹ̀.

Ohun tí mò ń bá jà ni pé kí wọ́n ní kí èèyàn ka lẹ́tà ara ògiri, kó kà á tán, kí wọ́n ní "ojú rẹ dáa". Ẹni tí ìdajì ìran rẹ̀ ti lọ lè ka lẹ́tà yẹn dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ní kí wọ́n wọn bí ìran ṣe fẹ̀ tó, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tí wọn ò bá tíì ṣe ìyẹn, ẹ má tíì san owó jígí.

* * *

Ọmọ Àrámọkọ:

Mo ti dán an wò. Ó ya mí lẹ́nu. Tí mo bá ju ìka lápá òsì nìkan, bàbá á ní àwọn rí i, lẹ́yìn tí mo bá ti jù ú dáadáa. Tí mo bá ju ìka méjèèjì pọ̀, ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń rí. Bóyá mo bo ojú wọn, bóyá mi ò bò ó, bákan náà ni. Ṣé wọ́n ń fi mí ṣeré ni?

* * *

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Rárá o. Ìwọ ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí.

Nǹkan méjì ló máa ń jọra. Èkíní, ìran apá kan lọ pátápátá. Ẹni tó bá ní èyí sábà máa ń mọ̀ pé nǹkan kù. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí láti wá a. Èkejì, ìran lè wà, àmọ́ ọpọlọ ò ka apá ibẹ̀ sí mọ́. Tí nǹkan kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ó lè kíyè sí i. Tí nǹkan mìíràn bá ti wà lápá ọ̀tún, tọ̀tún á gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ẹni báyìí á fá irùngbọ̀n apá kan, á wọ ọwọ́ ẹ̀wù kan, á ní kò sóhun tó ṣe òun, á sì bá ẹni tó bá ní nǹkan ń ṣe é jà. Tí rọpárọsẹ̀ bá mú apá ọ̀tún ọpọlọ ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo.

Fún bàbá ní bébà àti bírò, ní kí wọ́n ya ojú aago. Tí wọ́n bá kó 1 títí dé 12 jọ sápá ọ̀tún, o ti rí ìdáhùn ìjà ilé yín. Ìyá rẹ ò fi oúnjẹ dù wọ́n, bàbá náà ò sì parọ́ mọ́ ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń tú tọkọtaya ká.

Àwọn kan á ní kí ẹ yí abọ́ sọ́tùn-ún kí ó lè tán síbẹ̀. Ebi á lọ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò kọ́ nǹkan kan. Èmi fara mọ́ èyí: omi, oògùn, fóònù àti ọ̀pá, apá ọ̀tún ni kí wọ́n wà, nítorí ààbò. Àmọ́ òsì ni kí ẹ jókòó sí tí ẹ bá ń bá wọn tàkúrọ̀sọ, kí wọ́n lè máa yíjú wá a yín. Ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ etí òsì abọ́ àti férémù ilẹ̀kùn. Ẹ kọ́ wọn pé, "Bàbá, ẹ wá pupa yẹn kí ẹ tó ṣanwọ́." Ní ojoojúmọ́, láì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ìlawẹ̀:

Tiwa yàtọ̀. Méjì méjì ni màmá mi ń rí gbogbo nǹkan. Wọ́n wo àwọn ọmọ mi, wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé ti di mẹ́rin, a rẹ́rìn-ín títí. Tí wọ́n bá dijú kan, ẹyọ kan ló kù. Ẹnì kan ní ká bo ojú kan pa títí yóò fi lọ. Ẹnì kan tún ní kí n fún omi ọmú sí ojú òsì, nítorí pé kì í pa dé tí wọ́n bá sùn, ẹnu wọn sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Omi ọmú kọ́ o, ìyá mi. Ìtọ̀ kọ́, àgbo kọ́, omi ṣúgà kọ́. Ojú tí kò lè pa dé ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Tí ìdọ̀tí bá tún wọ̀ ọ́, egbò á yọ sórí awọ dídán tó bo ọmọlójú, egbò yẹn ló lè fọ́ ojú tí àìsàn fúnra rẹ̀ ò fọ́. Dókítà á fún yín ní omi ojú fún ọ̀sán àti òróró ojú fún alẹ́, wọ́n á sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe fi téèpù rọra pa ìpéǹpéjú dé kí wọ́n tó sùn.

Ẹ wo iwájú orí wọn náà. Ẹ ní kí wọ́n gbé irun òkè ojú sókè bí ẹni tí ẹnu yà. Tí iwájú orí bá ń hunjọ lápá méjèèjì, tó jẹ́ ẹnu nìkan ló wọ́, ó sún mọ́ rọpárọsẹ̀. Tí iwájú orí apá kan bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ojú ibẹ̀ kò sì pa dé, ó lè jẹ́ okùn iṣan tó ń darí apá ojú yẹn fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ọpọlọ. Mi ò ní kí ẹ fi èyí dájọ́ nílé o. Dókítà ni kó sọ ọ́, ọjọ́ tí ẹ bá sì kíyè sí i náà ni kí ẹ lọ.

Ti rírí méjì: àwọn iṣan tó ń yí ẹyinjú kò fa ojú méjèèjì pọ̀ mọ́, ojú kan ń wo ibì kan, èkejì ń wo ibòmíràn. Tí bíbo ojú kan bá mú un lọ, a jẹ́ pé àìwo ibì kan náà yẹn ni ìṣòro. Ẹ lè bò ó kí wọ́n má baà ṣubú, àmọ́ ẹ máa pààrọ̀ èyí tí ẹ ń bò. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń lẹ nǹkan tó ń jẹ́ kí dígí kan lára jígí ṣú, ìyẹn rọrùn ju aṣọ lọ. Tí ìpéǹpéjú kan bá wá já wálẹ̀ lójijì, tí ọmọlójú ibẹ̀ sì tóbi ju èkejì lọ, ẹ má jókòó rárá.

Ọmọ Àrámọkọ, má bo ojú bàbá tìrẹ. Kò ní ṣe wọ́n lóore kankan.

* * *

Tíṣà Ìjerò:

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti ṣe mí, mo lè kọ̀wé, mi ò lè kàwé. Mo kọ lẹ́tà sí ọmọ mi, ó ní kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Èmi gbé e sókè kí n kà á, mi ò mọ ohun tí mo kọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní mo ń díbọ́n kí n lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Ṣé irú rẹ̀ wà níbòmíràn?

* * *

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Ó wà, Tíṣà, ẹ ò díbọ́n. Dókítà ará Faransé kan, Dejerine, ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ní 1892. Apá òsì ẹ̀yìn ọpọlọ ló kàn, pẹ̀lú afárá tó so apá méjèèjì pọ̀. Ibi tí ọpọlọ ti ń pèsè ọ̀rọ̀ ṣì wà, ìyẹn lọwọ́ yín ṣe ń kọ̀wé. Ohun tí ojú rí ni kò rọ́nà dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó bóyá apá ọ̀tún ìran yín náà kù, ó máa ń bá a rìn.

Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ fi ìka tọ ìrísí lẹ́tà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí bébà tàbí sí àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ ṣe ń tọ̀ ọ́, ọpọlọ lè rántí lẹ́tà yẹn. Ó falẹ̀, ó sì máa ń sú èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ti ibẹ̀ padà sí ìwé kíkà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín fi bébà kan han ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín kà á.

* * *

Àìlórúkọ:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ní òwúrọ̀ yìí, ojú ọ̀tún mi ṣàdédé ṣókùnkùn bí ẹni fa kọ́tìnì sí i, ìṣẹ́jú mélòó kan ló là. Kò dùn mí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n dúró di ọjọ́ Ajé?

* * *

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Má dúró di ọjọ́ Ajé, má dúró di ìrọ̀lẹ́. Dìde báyìí. Pé ó là kò túmọ̀ sí pé ó tán. Ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré kan ló lè ti dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ, tó sì ṣí. Tó bá tún kọjá lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ gidi nìyẹn, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì burú jù. Tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú náà bá dí tí kò ṣí, láàárín wákàtí mélòó kan ni awọ ẹ̀yìn ojú ń kú, kì í padà.

Má wa ọkọ̀ fúnra rẹ. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí o lọ, yálà ti yunifásítì ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, èyí tó bá sún mọ́ ọ jù, kí o sì jẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀ wọ́n láago pé ẹ̀ ń bọ̀. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà fún àwọn kan, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ ná, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dí iṣan ni, tàbí iṣan ló bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ. Nítorí èyí, má ra aspirin jẹ ní kẹ́míìsì kí o tó débẹ̀. Má mu epo pupa. Má ṣe gbé oògùn bíípíì ọjọ́ mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan.

Àìlórúkọ:

Ìyàwó mi ti ń wá ọkọ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àrámọkọ:

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sọ. Àbúrò mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ní alẹ́, bàbá ń rí àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n wọ aṣọ aláràbarà lára ògiri, apá òsì gan-an tí ẹ ní wọn kì í rí. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọ́n kàn dúró ni. Ṣé ọpọlọ náà nìyẹn? Wòlíì ti ní ká gbààwẹ̀, kí bàbá náà gbà á, oúnjẹ àti oògùn.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ bi bàbá léèrè kan: ṣé wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àrámọkọ:

Wọ́n mọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní àwọn wo ló bí irú ọmọ tí kì í kí àgbà.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Tí ibi kan nínú ìran bá ṣófo, ọpọlọ lè máa fi àwòrán tirẹ̀ kún ibẹ̀: èèyàn kéékèèké, òdòdó, ẹranko, ògiri tó ní bátànì. Kì í pariwo, ẹni tó ń rí i sì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Charles Bonnet, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1760 nípa bàbá rẹ̀ àgbà tí ojú rẹ̀ ń lọ. Ẹ tan iná yàrá, kí wọ́n ṣẹ́jú léraléra, kí wọ́n yí ojú síbòmíràn. Ó sábà máa ń dínkù bí oṣù ṣe ń lọ. Tó bá ní ohùn, tàbí tí wọ́n bá gbà á gbọ́, tàbí ara gbóná, tàbí tí wọ́n bá ń ṣi èèyàn mọ̀, nǹkan mìíràn nìyẹn, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Àdúrà, ẹ máa gbà á, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, kò fẹ́ràn yín. Tó bá jẹ́ dandan ni ààwẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ gbà á fún wọn.

* * *

Ọmọ Èkìtì, Manchester:

Lórí ọ̀kadà: níbi tí mo wà, ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá ṣe ò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò fún oṣù kan ó kéré tán. Tí ìdajì ìran rẹ̀ bá lọ, ìjọba sábà máa ń gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ni. Wọn kì í bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Bàbá Ìfàkì:

Manchester yàtọ̀ sí Àrámọkọ. Ẹ gba ọ̀kadà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ẹ ní kó jókòó sójú kan, ìyẹn ló máa pa á.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Bàbá, ìyẹn dùn mí gbọ́, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Ìkògòsì, níbi tí tírélà àti mọ́tò ti ń já òkè bọ̀, ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ wá bá wọn, apá òsì ló máa gbà. Ẹni tí kò ka òsì sí ò ní yà fún un. Ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn ọ̀kadà tàbí nínú mọ́tò yẹn pẹ̀lú.

Kí wọ́n lọ sóko. Kí ẹnì kan gbé wọn. Kí wọ́n máa darí àwọn alágbàṣe, kí wọ́n máa yí kòkó tó wà nínú oòrùn. Ohun tí mi ò ní fara mọ́ ni àdá. Ẹ rántí bí a ṣe ń pa kòkó: ọwọ́ òsì ló di í mú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣá a. Ọwọ́ òsì tí ọpọlọ ti gbàgbé ni wọ́n fẹ́ ṣá lé lórí yẹn.

* * *

Ọmọ Àrámọkọ:

Ojú aago tí bàbá yà rèé lọ́wọ́ mi. Gbogbo nọ́ńbà wà lápá ọ̀tún. Mo fi han ìyá mi, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n sunkún. Ó kù kan: ṣé á padà?

Nọ́ọ̀sì Ojú, Adó:

Díẹ̀ lè padà, àwọn kan sì ń rí i gbà padà tó pọ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń yára jù, á tún máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí di bí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkọ́ni ló kù: yíyí orí, wíwá etí òsì abọ́, fífi rúlà tàbí téèpù pupa sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ìwé kí wọ́n tó kà á. Ẹ má ra oògùn ìsọ̀ kankan tí wọ́n bá ní ó ń la ojú rọpárọsẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ náwó sí, nítorí èyí tó bá tún kọ lù wọ́n lè mú ìdajì tó kù.

Tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ẹ lọ láàárọ̀. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ lọ́sibítù, orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, àti ojú aago yẹn. Oògùn tó ń la ọmọlójú á jẹ́ kí wọ́n máa rí bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, oòrùn á sì máa gún wọn lójú, nítorí náà ẹ wá fìlà etí gbòòrò dání, kí ẹnì kan sì dúró sápá òsì wọn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.